Ọmọ Yín Kò Purọ́, Bàbá: Nípa Físà Tó Kú àti Ìsìnkú Tí Kò Lè Wá

Bàbá kan ní Ìsánlú, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ lẹ́tà yìí sí mi lẹ́yìn ọdún tuntun 2026. Mo gé e kúrú díẹ̀, mo sì yọ ohun tó lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá ọmọ náà mọ̀ kúrò:

“Òkun o, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọmọ mi obìnrin wà ní yunifásítì kan láàárín Amẹ́ríkà, ó ń ṣèwádìí lórí àrùn tó ń mú ewé iṣu. Ọdún kẹta rẹ̀ rèé lẹ́nu iṣẹ́ náà. Físà tí wọ́n ń pè ní J-1 ló bá lọ. Ìyá mi, tó tọ́ ọ dàgbà, dolóògbé lóṣù Kọkànlá, a sì fi ìsìnkú sí ọ̀sẹ̀ Àjíǹde. Ọmọ yìí ní òun ò ní lè wá. Ó ní físà òun ti kú, ó tún ní òun ò rú òfin kankan. Àwọn àbúrò mi ní irọ́ ni, pé ẹni tí físà rẹ̀ kú ti di asáfófin, pé ìjọba ibẹ̀ ti ń lé àlejò, ojú ló ń tì í láti sọ. Ó tún sọ pé wọ́n ti gé owó tó ń gbé iṣẹ́ wọn, ọ̀gá rẹ̀ sì ń wá òmíràn. Ṣé kí n ní kó palẹ̀ mọ́, kó máa bọ̀ nílé? Kí ló tilẹ̀ pa ìjọba Amẹ́ríkà pọ̀ mọ́ ẹni tó ń yẹ ewé iṣu wò?”

Òkun o, Bàbá. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá. Ọlọ́run yóò dẹ ilẹ̀ fún wọn. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ ìjọba kọ́ ló ń dùn yín jù. Ohun tó ń dùn yín ni pé ọmọ tí ẹ fi owó oṣù tíṣà rán níléèwé, tí ìyá yín fi ẹ̀yìn ara wọn pọ̀n, ti wá di ẹni tí wọ́n ń fẹnu bà jẹ́ nínú ìpàdé ẹbí, ẹ ò sì mọ ohun tí ẹ máa fi gbè é. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí kí n tó ṣàlàyé. Òtítọ́ lọmọ yín sọ fún yín, látòkè délẹ̀. Ká ní ọmọ tèmi ni, èmi fúnra mi ni mo máa bẹ̀ ẹ́ pé kó má wá.

Ibi físà ni gbogbo rẹ̀ ti dojú rú. Ọ̀pọ̀ wa nílé gbà pé físà ni ìwé ìgbélùú, pé lọ́jọ́ tó bá ti kú, ẹni tó ni ín ti di ẹni tó ń sá pamọ́ kiri. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà ti ṣọ́ ìdánwò rí. Káàdì tí akẹ́kọ̀ọ́ fi hàn lẹ́nu ọ̀nà ló fi wọ gbọ̀ngàn. Bó bá ti jókòó tán, aago ara ògiri ló ń sọ ìgbà tó máa dìde. Kò sẹ́ni tó máa lé e síta torí pé káàdì rẹ̀ já bọ́ sábẹ́ àga. Àmọ́ bó bá jáde, tó sì fẹ́ padà wọlé, wọ́n á tún béèrè káàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Físà ni káàdì ẹnu ọ̀nà yẹn. Aago ara ògiri tí ọmọ yín ń wò ni ìwé kan tí yunifásítì rẹ̀ fún un, DS-2019 lorúkọ rẹ̀, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ìwọlé rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní I-94. Níwọ̀n ìgbà tí ọjọ́ ara DS-2019 kò bá tíì kọjá, tó sì ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó wà nílùú náà lábẹ́ òfin, físà ì báà yè, ì báà kú. Fún olùwádìí tó bá J-1 wọlé, ìwé yẹn lè gùn tó ọdún 5.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni físà tèmi kú sínú pásípọ́ọ̀tù nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún, tí n kò tilẹ̀ kà á sí. Ìgbà tí mo bá fẹ́ wálé ni mo máa ń rántí. Mo máa dé Àbújá, mo máa lọ sí ẹ́ḿbásì, mo máa dúró dè wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo máa jẹ iyán Kàbà yó, mo sì máa padà. Ìyípadà ìjọba ló dí ọ̀nà yẹn. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje 2025, Amẹ́ríkà kéde pé ọ̀pọ̀ físà tí wọ́n bá fún ọmọ Nàìjíríà látìgbà náà lọ yóò jẹ́ ti oṣù 3 péré, ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ọdún náà tó parí, ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá, Ààrẹ Trump fọwọ́ sí àṣẹ mìíràn tó fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dá oríṣi físà kan dúró fún. Ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2026 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Físà ìbẹ̀wò wà nínú rẹ̀, ti akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú rẹ̀, J tí ọmọ yín ní náà wà nínú rẹ̀. Àṣẹ yìí kò fagi lé físà tó ṣì yè lọ́wọ́ ẹni, kò sì ní kí ẹni tó ti wà nínú ilẹ̀ náà jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tí físà rẹ̀ ti kú, tó wá wọ bàálù wálé sin ìyá bàbá rẹ̀, kò ní rí òmíràn gbà, àfi bí wọ́n bá ṣe àyọ̀ǹda pàtàkì fún un, èyí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbọ́kàn lé. Ìsìnkú ọjọ́ mẹ́ta á sì di òpin iṣẹ́ ọdún mẹ́ta. Àwọn ewé tó ti gbẹ, tó ti lọ̀, tó ti kọ nọ́ńbà sí lára nínú fírísà, ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbé e fún.

N kò ní sọ fún àwọn àbúrò yín pé wọ́n kàn ń bẹ̀rù lásán. Ìfòyà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ní oṣù Kẹrin 2025, wọ́n pa orúkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì rẹ́ nínú àkọsílẹ̀ ìjọba, àwọn kan torí ẹ̀ṣẹ̀ ìwakọ̀ tí kò tó nǹkan. Ó di ìgbà tí wọ́n gba kóòtù lọ kí wọ́n tó dá orúkọ wọn padà. Nítorí náà, ẹni tó wà níbẹ̀ tó sì ń ṣọ́ ẹsẹ̀ rìn, ọgbọ́n ló ń lò. Ibi tí àwọn àbúrò yín ti ṣì í ni pé wọ́n rò pé ẹni tó ń ṣọ́ra ti ní láti jẹ́ ẹni tó jalè.

Mo mọ bó ṣe ń rí lára, torí mo ti jókòó ti ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 2017, àṣẹ àkọ́kọ́ irú èyí jáde, ó dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè 7 fún 90 ọjọ́: Ìráànì, Ìráàkì, Líbíà, Sòmálíà, Sùdáànì, Síríà àti Yẹ́mẹ̀nì. Ọmọ Ìráànì kan wà tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń lo tábìlì kan ní láàbù. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn àṣẹ náà ni bàbá rẹ̀ kú. Kóòtù ti dá àṣẹ náà dúró nígbà yẹn, ọ̀nà ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà fún un pé ó ṣì máa wà ní ṣíṣí lọ́jọ́ tó bá ń padà bọ̀. Kò lọ. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó gbé fóònù rẹ̀ ti páálí ìbọ̀wọ́ tó wà lórí tábìlì, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé òkú náà kọjá láàárín èrò. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò dúró. Ó ń kán omi àyẹ̀wò sínú àwọn ihò kéékèèké awo kan, ihò 96, torí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn kò ṣeé dá dúró láàárín. Mo gbọ́ tó ń ka ihò náà ní èdè wọn lábẹ́ ẹnu. Ìgbà tó kan ìlà tó gbẹ̀yìn, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fírísà. Mo jókòó tì í. Kò sí ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ. Ọdún kejì ni àṣẹ náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti tún un kọ lẹ́ẹ̀mejì, dé kóòtù tó ga jù, kóòtù sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀rù tó ba ọkùnrin yẹn kì í ṣe àṣejù rárá. Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, torí wọ́n ní kò wá sin bàbá. Òun ni mo rántí nígbà tí mo ka lẹ́tà yín.

Ẹ bi mí pé kí ló pa ìjọba pọ̀ mọ́ ewé iṣu. Kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà wà. Àwọn àgbà ní orí yéye ní Mògún, ti àìṣẹ̀ ló pọ̀. Ìjọba tuntun kì í sábà jókòó kó ní òun fẹ́ bá sáyẹ́ǹsì jà. Nǹkan mìíràn ló ń bá jà, onísáyẹ́ǹsì sì ti kọ́ ilé rẹ̀ sójú ọ̀nà nǹkan yẹn. Ní Jámánì, ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 1933, ìjọba Hitler ṣe òfin kan lórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, láti yọ àwọn Júù àti àwọn tí kò fara mọ́ wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Orí owó oṣù ìjọba ni òfin náà dá lé. Nítorí pé ti ìjọba ni yunifásítì wọn, ó gbá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n dànù bí ẹni gbálẹ̀. Max Born, ọ̀kan lára àwọn àgbà físíìsì ayé, pàdánù àga rẹ̀ ní Göttingen, ó sì bá ara rẹ̀ ní Edinburgh nígbẹ̀yìn. Ernst Chain, tó jẹ́ Júù, sá kúrò ní Berlin lọ sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún yẹn kan náà. Òun àti Florey ní Oxford ló sọ pẹnisílíìnì tí Fleming rí di oògùn gidi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945. Abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì gún gbogbo wa ní kékeré, ọwọ́ ẹni tí wọ́n lé nílé ló ti wá. N kò fi ìgbà Hitler wé ohun tó ń lọ ní Amẹ́ríkà lónìí. Ìpakúpa ló tẹ̀lé tiwọn, kò sì yẹ kéèyàn máa fi ìyẹn ṣe àkàwé wẹ́rẹ́. Ohun tí mo ń fà yọ ni ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ onísáyẹ́ǹsì: ó gba ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sanwó oṣù.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gba ọ̀dọ̀ ọmọ yín. Kò sẹ́ni tó jókòó ní Washington tó ní kí wọ́n wá ẹni tó ń wo ewé iṣu kàn. Owó ìrànwọ́ tí ilẹ̀ wọn ń ná sí òkèèrè ni ìjọba tuntun ní òun ò fẹ́. Lọ́jọ́ tí ààrẹ gorí àga, 20 oṣù Kìíní 2025, ó dá owó ìrànwọ́ náà dúró. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 1 oṣù Keje, USAID, ilé iṣẹ́ tó ń pín owó ìrànwọ́ náà, ti kógbá wọlé. Ṣùgbọ́n owó yẹn kì í ṣe ìrẹsì àti oògùn nìkan. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń sanwó fún àwọn láàbù ní yunifásítì Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ lórí irúgbìn tí àwọn ilẹ̀ bíi tiwa ń jẹ. Láàbù ẹ̀wà sóyà kan ní yunifásítì Illinois wà nínú àwọn tó ní láti dá òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ wò ó bó ṣe yí ká: wọ́n ń jiyàn nípa owó tó ń lọ sí Áfíríkà, ẹni tí ebi ìjiyàn náà kọ́kọ́ pa ni ọmọ Áfíríkà tó wà nínú láàbù wọn. Ọmọ yín kò sí nínú ìjà náà. Oúnjẹ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Kódà àwọn tí owó wọn kò wá láti ibẹ̀ kò sùn. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì 2025, wọ́n kéde pé owó tí ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera, NIH, ń fún yunifásítì lórí ìwádìí fún iná, ilé àti ìtọ́jú ẹ̀rọ kò ní ju ìdá 15 nínú 100 mọ́. Kóòtù dá a dúró, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ yunifásítì ti dáwọ́ gbígba òṣìṣẹ́ tuntun dúró kí ẹjọ́ tó lọ síbì kankan.

Ibi tí àjèjì ti yàtọ̀ sí onílé rèé, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹbí dáadáa. Ọmọ Amẹ́ríkà tí owó ìwádìí rẹ̀ bá tán lè lọ gbé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, kó máa ta kọfí, kó máa wáṣẹ́. Fún ọmọ yín, okùn kan náà ló so iṣẹ́ àti ìwé ìgbélùú pọ̀. Bí iṣẹ́ J-1 bá parí, 30 ọjọ́ ló ní láti palẹ̀ mọ́. Ẹni tó wà lórí ìwé H-1B, èyí tí wọ́n fi ń gba àjèjì tó mọṣẹ́ síṣẹ́, ń rí tó 60 ọjọ́. Láàárín ìyẹn ló máa ta àga àti bẹ́ẹ̀dì, tó máa dá kọ́kọ́rọ́ ilé padà, tó máa kọ àbájáde iṣẹ́ ọdún mẹ́ta sílẹ̀ kó má bàa ṣègbé. Tí ẹ bá gbọ́ tí ohùn rẹ̀ ń já lórí fóònù, tó ń yára sọ̀rọ̀, ohun tó ń kà lórí nìyẹn.

Ohun kan tún wà tí kò sí nínú ìwé kankan, mo sì kọ́kọ́ rí i nílé wa níbí kí n tó rí i lókè òkun. Ẹ̀yin rántí 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn èèyàn wa ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Gáánà. Ní oṣù Kìíní 1983, àwa náà san án padà lára àwọn ọmọ Gáánà. Mo wà ní kíláàsì kẹrin nígbà náà, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan lẹ́bàá Kàbà, ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwárà. Ọmọ Kumasi ló ń kọ́ wa ní kẹ́mísìrì. Ọkùnrin yìí máa ń jó wáyà magnésíọ̀mù lójú wa, á ní ká má wo iná náà tààrà, gbogbo wa á sì wò ó. Wọ́n fún àwọn tó mọṣẹ́ ní àkókò díẹ̀ sí i, ọ̀gá àgbà sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta ẹ̀kọ fún un lárààárọ̀ bi í pé ìgbà wo ló ń lọ. Àwọn ọmọdé ń kọrin tẹ̀lé e lójú títì. Kí táàmù tó parí, ó ti lọ. Ó fi páálí kan sílẹ̀ lára ògiri tó fi bírò pupa àti dúdú kọ gbogbo ẹ́límẹ́ǹtì sí, ó sì jọ pé alẹ́ púpọ̀ ló fi kọ ọ́. Odidi táàmù méjì la fi ń wo páálí yẹn láìní olùkọ́. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá sọ fún yín pé kò sẹ́ni tó lé òun, síbẹ̀ ara òun kò balẹ̀ mọ́ níbi tí òun wà, ẹ má ṣe bi í léèrè ẹ̀rí.

Ẹ má sì jẹ́ ká rò pé ìjọba ilẹ̀ àjèjì nìkan ló lè ṣe èyí. Àwọn ẹnjinníà Sófíẹ́ẹ̀tì tó wá kọ́ ilé iṣẹ́ irin ní Àjàòkúta, tí ẹ mọ̀ dáadáa, ìlú tó rán wọn wá ló túká mọ́ wọn lẹ́yìn ní oṣù Kejìlá 1991. Ní oṣù Kẹfà 2023, nígbà tí ìjọba wa jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Gẹ̀ẹ́sì tí òbí ń fi náírà sanwó ilé ẹ̀kọ́ fún kò lè parí ẹ̀kọ́ mọ́. Láti Àbújá ni ìyẹn ti dé bá wọn, kì í ṣe láti London.

Ní ti ohun tó lè ṣe báyìí, dídúró níbi tó wà kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Irú àṣẹ yìí máa ń kú. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì 2020, wọ́n dá físà àwọn ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ lọ máa gbé ibẹ̀ pátápátá dúró. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní 2021, lọ́jọ́ tí Biden gorí àga, ó fagi lé e. Kò pé ọdún kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìwé rẹ̀ ní gbèdéke kò lè fi ọjọ́ orí rẹ̀ dúró de ìdìbò. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá rí owó, wọ́n lè sún ọjọ́ DS-2019 síwájú títí ọdún 5 á fi pé. Bí yunifásítì bá fẹ́ yí ìwé rẹ̀ padà sí H-1B, ohun méjì ló yẹ kó bojú wò. Àkọ́kọ́ ni òfin ọdún méjì: àwọn kan tó bá J-1 wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wálé wá lo ọdún 2 kí wọ́n tó lè gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, àyàfi tí wọ́n bá gba ìdáríjì rẹ̀. Èkejì ni àṣẹ oṣù Kẹsàn-án 2025 tó bu owó 100,000 dọ́là lé ìwé H-1B tuntun fún ẹni tó wà lẹ́yìn òde Amẹ́ríkà. Ẹni tó wà nínú Amẹ́ríkà tó sì ń yí ìwé rẹ̀ padà níbẹ̀ kò sí lábẹ́ owó yẹn. Ẹ tún rí ìdí mìíràn tí kò fi gbọ́dọ̀ jáde lọ sí ìsìnkú.

Àwọn kan á ní kó gba ibòmíràn lọ. Mo gbà pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà lónìí, kó má dúró de ìgbà tí 30 ọjọ́ yẹn bá bẹ̀rẹ̀. Jámánì ni mo ti ṣe oyè ọ̀mọ̀wé, n ó sì sọ èyí tí mo rí: wọ́n ní ètò kan tí ilé iṣẹ́ Humboldt ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní Georg Forster, fún àwọn olùwádìí láti irú ilẹ̀ bíi tiwa, iṣẹ́ lórí iṣu sì bá a mu. Ìṣòro wọn ni pé iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ni wọ́n ń fúnni. Òfin wọn fi ọdún 6 sí i lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé, lẹ́yìn náà kí o wá àga tó dúró tàbí kí o lọ. Ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù náà kéde 500 mílíọ̀nù yúrò ní oṣù Karùn-ún 2025 láti fa àwọn onísáyẹ́ǹsì mọ́ra, ṣùgbọ́n àwọn tó ti lórúkọ tẹ́lẹ̀ ni mo rò pé ó máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Gẹ̀ẹ́sì rọrùn fún wa ní ti èdè, àmọ́ owó oṣù tí wọ́n ní kí àjèjì tó ń gbaṣẹ́ máa gbà fò láti 26,200 pọ́n-ùn sí 38,700 ní oṣù Kẹrin 2024, ó di 41,700 ní oṣù Keje 2025, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdínkù wà fún àwọn oyè ọ̀mọ̀wé kan. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì tí ń bá ara wọn jà ló ṣe méjèèjì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà ni ìjà Brexit, ìyẹn kíkúrò wọn nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù, yọ kúrò nínú owó ìwádìí Yúróòpù fún ọdún mẹ́ta, tí wọn kò padà síbẹ̀ títí di oṣù Kìíní 2024. Kò síbi tí wọn kì í dáná alẹ́, ọbẹ̀ ló kàn ń dùn ju ọbẹ̀ lọ.

Ẹ wá ní ṣé kó máa bọ̀ nílé. Ẹbí á sì ní ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Mo padà wálé ní tèmi, n kò kábàámọ̀, àmọ́ n kò ní tàn yín. Ọ̀sẹ̀ kẹfà tí mo dé, iná lọ fún ọjọ́ mẹ́rin níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ kò ní dísẹ́ẹ̀lì, gbogbo ohun tí mo kó bọ̀ láti òkèèrè nínú fírísà yọ́ di omi. Mo fọ àwọn ìgò náà fúnra mi. Ní 2022, láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá, ìdaṣẹ́sílẹ̀ ASUU ti ilẹ̀kùn yunifásítì ìjọba pa. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọ̀nà tó wọ Yàgbà ti dà lọ́wọ́ àwọn ajínigbé. Ẹni tó fẹ́ lọ já ewé nínú oko olóko gbọ́dọ̀ ronú sí i. Ní ìdà kejì, ilẹ̀ wa ló ń gbin iṣu jù láyé, àrùn tó ń mú ewé náà sì wà nínú oko yín, kò sí nínú oko Illinois. IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru, wà ní Ìbàdàn láti 1967, ilé iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn abẹ́ ilẹ̀ wà ní Umudike. Bó bá bá wọn sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, nígbà tó ṣì ní iṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n á gbà á bí ẹni tó ní nǹkan lọ́wọ́. Bó bá sá wálé lójijì torí àpérò ẹbí, ó máa jókòó sí pálọ̀ yín fún ọdún kan, tí gbogbo àdúgbò á máa bi í léèrè ohun tó ṣe tí wọ́n fi lé e.

Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Oko àti láàbù ni mo mọ̀, mo sì mọ ìwé tí èmi àti àwọn akẹ́gbẹ́ mi ti fọwọ́ kàn. Òfin yìí lè yí padà láàárín ìgbà tí mo kọ èyí àti ìgbà tí ẹ kà á. Kó bá ọ́fíìsì àwọn àjèjì ní yunifásítì rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó sì san owó fún lọ́yà tó mọ̀ nípa ìwé ìgbélùú fún wákàtí kan. Ẹnikẹ́ni tó bá wá bá yín ní Ìsánlú pé òun mọ ẹni tó lè tún físà ṣe ní Àbújá, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Iṣẹ́ tiyín ló kù. Ẹ lọ bá ọ́fíìsì tó yẹ gba ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀, kó sì ní kí yunifásítì tó ti gboyè nílé fi àbájáde rẹ̀ ránṣẹ́, kí ìwé NYSC rẹ̀ sì wà níbi tí ọwọ́ yín ti lè tó o. Nǹkan wọ̀nyí máa ń gba oṣù púpọ̀ nílẹ̀ wa, Jámánì tàbí Kánádà ò sì ní dúró dè é. Ẹ sọ fún àwọn àbúrò yín pé kí wọ́n yé kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí Facebook. Láti oṣù Kẹfà 2025 ni wọ́n ti ní kí ẹni tó bá ń wá físà akẹ́kọ̀ọ́ (F tàbí M) tàbí J ṣí ojú ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn láti yẹ̀ wò, ẹ̀gàn ẹbí kì í sì í ṣe ohun tó yẹ kí aṣojú ìjọba bá níbẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, aago 10 àárọ̀ Ìsánlú, aago 4 ìdájí ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ yan ọmọ kan tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n láti máa fi fóònù gbé e fún un, kí ẹ sì ra dátà sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ bá máa kéde orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ níbi ibojì, ẹ dárúkọ tirẹ̀ sókè, kí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ gbọ́.

Kí ìyẹn tó dé, ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo fún mi: ọjọ́ wo ló wà lára DS-2019 rẹ̀? Bí ó bá ṣì ku ju ọdún kan lọ, ẹ jẹ́ kó máa bá ewé iṣu rẹ̀ lọ, kó sì máa kọ lẹ́tà sí Jámánì àti Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kò bá ju oṣù mẹ́fà lọ, ẹ tètè kọ̀wé sí mi padà. Mo mọ àwọn méjì ní Ìbàdàn tí mo lè bá sọ̀rọ̀ kí Àjíǹde tó dé.